Ṣé Ẹni Tí Kò Jowú Kò Nífẹ̀ẹ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti bo àwọn òkè Dassa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí orí wọn mọ́, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Terminale mi jọ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, mo sì fi fíìmù Faransé kan hàn wọ́n lára ògiri. L'Ami de mon amie ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a lè túmọ̀ sí «Ọ̀rẹ́kùnrin ọ̀rẹ́ mi». Éric Rohmer ni ó ṣe é ní ọdún 1987. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, nípa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́, tí ọ̀kan bá ọkùnrin èkejì lọ, tí èkejì náà sì bá ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lépa lọ. Ní ìparí, ẹ̀rín ni wọ́n fi tú ká.

Nígbà tí mo tan iná, ọmọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní: «Ẹ̀yin ọ̀gá wa, àwọn ènìyàn yìí kò mọ ìfẹ́. Bí ẹnìkan bá gba ọ̀rẹ́bìnrin mi, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ẹni tí kò jowú kò nífẹ̀ẹ́.» Ọ̀pọ̀ nínú wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin kan ní iwájú kò pàtẹ́wọ́. Ó yíjú padà, ó sì bi í pé: «Ṣé o ra ọmọbìnrin náà ni?»

Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn tí ilé wọn jìn sì ní láti tètè lọ, nítorí náà a kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣèlérí fún wọn pé èmi yóò kọ èsì mi sílẹ̀. Èsì náà nìyí. Mo kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo sì kọ ọ́ fún ara mi pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn fíìmù náà fún ẹni tí kò wò ó. Rohmer ti ṣe olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó di oníṣẹ́ sinimá. Láàárín ọdún 1981 sí 1987, ó ṣe fíìmù mẹ́fà tí ó pe àkójọ wọn ní Comédies et proverbes, èyíinì ni eré apanilẹ́rìn-ín àti òwe, ó sì so òwe tàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwa tí a gbà pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lè pe irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ará ilé. L'Ami de mon amie ni àbíkẹ́yìn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òwe tirẹ̀ ni èyí tí àwọn Faransé máa ń pa pé ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n.

Cergy-Pontoise, ìlú tuntun tí ìjọba ilẹ̀ Faransé kọ́ sí ẹ̀bá Paris, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Blanche ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà, ó sì ń dá gbé. Ó pàdé Léa nídìí oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Léa ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tí à ń pè ní Fabien, ṣùgbọ́n àárín wọn kò gún régé. Ojú Blanche ní tirẹ̀ wà lára Alexandre, ẹnjiníà kan tó lẹ́wà tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ; àmọ́ nígbàkúùgbà tí Blanche bá ti rí i, ahọ́n rẹ̀ a wúwo lẹ́nu. Léa lọ fún ìsinmi. Blanche àti Fabien bá ara wọn pàdé, wọ́n jọ wẹ̀ nínú adágún odò, wọ́n jọ rìn lábẹ́ igi, ìfẹ́ sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Blanche fẹ́ pa ìfẹ́ náà nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pa á. Ó kàn fi í pamọ́ ni. Nígbà tí ó yá, Léa àti Fabien pínyà, Alexandre náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Léa. Òun náà fi ti rẹ̀ pamọ́.

Ibi tí ó dùn jù ni ìparí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pàdé lẹ́bàá odò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà pé òun ti ṣẹ ẹnìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bẹ̀rù pé ẹnìkejì ti gba ẹni òun. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan láìdárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí ó ti rí, ẹ fi èdè wa rò ó wò: «Ó ti wá bá mi», «Ó ti sọ ọ́ fún mi», láìsí ẹni tó béèrè pé ta ni «ó» yìí. Omijé ti ń dà kí orúkọ tó jáde. Nígbà tí orúkọ jáde, wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó jalè ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yìí ni ó bí ọmọkùnrin yẹn nínú. Ó rò pé ohun tí a bá fi rẹ́rìn-ín kò jinlẹ̀. Àwa ará agbègbè yìí kò yẹ kí a rò bẹ́ẹ̀. Ní Kétu, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa, àwọn tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, máa ń fi orin Ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà bá ìlú wí. Agbójúlógún, alágbèrè àti onírọ́ ń gbọ́ tiwọn láàárín agbo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù, nígbà tí ìtìjú ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìdájọ́ lè wọlé láti ẹnu ẹ̀rín. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ẹ̀rín àwọn mẹ́rin wọ̀nyí dá lẹ́jọ́.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè. Yorùbá kì í sọ pé ènìyàn ní owú bí ẹni ní owó. Owú ni a ń jẹ. A ń jẹ ọ̀pọ̀ nǹkan tí kì í ṣe oúnjẹ: a ń jẹ oyè, a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà. Ọmọkùnrin inú kíláàsì mi ń jẹ owú bí ẹni ń jẹ oyè. Ó fẹ́ kí a kí òun kú oríire pé ọkàn òun gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jowú rí mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìyà àti gbèsè ni owú wà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ gan-an ni ó ń jẹ run.

Àwọn àgbà tún yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlara. Onílara ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òjòwú ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò gbà á. Onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Faransé nì, Descartes, sọ ohun tó sún mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀ Les Passions de l'âme ní ọdún 1649. Ó ní ẹ̀rù ni owú, ẹ̀rù tó wé mọ́ ìfẹ́ láti pa ohun rere kan mọ́. Kò bu gbogbo owú kù. Ọ̀gágun tó ń ṣọ́ ìlú ńlá ní ẹ̀tọ́ láti jowú lórí rẹ̀, kí ó má sùn. Àmọ́ nígbà tí ó dé orí ọkùnrin tó ń jowú lórí ìyàwó rẹ̀, ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé òun kò fẹ́ ẹ bí ó ti yẹ, àti pé ó ń ro ibi sí ara rẹ̀ tàbí sí obìnrin náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìlú kò lè dìde kí ó sọ pé ibi tí òun fẹ́ lọ nìyí. Ènìyàn lè dìde. Ọmọbìnrin tó béèrè pé «Ṣé o ra á ni?» kò tíì ka Descartes, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Ìtàn tiwa ti sọ ọ́ ṣáájú àwọn méjèèjì. Gbogbo wa ni a gbọ́ ti Ọbà, ìyàwó Ṣàngó. Ó rí i pé ọkọ ń fẹ́ràn ọbẹ̀ orogún òun ju tòun lọ. Ó bi í léèrè àṣírí ọbẹ̀ náà. Ọ̀ṣun (àwọn mìíràn ní Ọya ni) ti fi gèlè bo etí rẹ̀, ó sì fọ̀n ọ́n pé etí òun ni òun gé sínú ìkòkò. Ọbà lọ gé etí tirẹ̀. Nígbà tí Ṣàngó rí i nínú ọbẹ̀, ó kórìíra ohun tó yẹ kí ó fẹ́ràn. Àwọn méjèèjì di odò, wọ́n sì sọ pé níbi tí omi Ọbà àti omi Ọ̀ṣun ti pàdé, omi náà ṣì ń ru títí di òní. Bí owú bá jẹ́ ẹ̀rí ìfẹ́, ta ni ó nífẹ̀ẹ́ ju Ọbà lọ? Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó gé: ara òun tìkára rẹ̀ ni. Ẹ sì wo ohun tó ṣáájú ọ̀bẹ: irọ́ ni. Ọbà kò tọ ọkọ rẹ̀ lọ láti béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Orogún rẹ̀ ni ó lọ bá, ẹni tí òtítọ́ kò ṣe láǹfààní.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyàtọ̀ wà: Ọbà ń jowú nínú ilé ọkọ rẹ̀, àwọn ará Cergy ń pààrọ̀ olólùfẹ́ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ náà. Kì í ṣe Faransé ni ó mú un wá. Ọya kì í ṣe ìyàwó Ṣàngó láti ìbẹ̀rẹ̀; Ògún ni ó kọ́kọ́ fẹ́, kí ó tó bá Ṣàngó lọ. Ìtàn kò pa á mọ́, kò sì yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń bọ Ọya kò tijú pé òrìṣà òun ti kúrò nílé ọkọ kan rí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọkàn lè ṣí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà ni pé kí ẹ̀tọ́ láti jowú jẹ́ dọ́gba-dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin.

Ní ti èyí, ìjọba wa pẹ́ kí ó tó tún un ṣe. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ìgbà àwọn òyìnbó, ìyàwó tó bá ṣe àgbèrè lè lọ sẹ́wọ̀n. Ọkọ kò jẹ̀bi àfi bí ó bá mú obìnrin mìíràn wá gbé inú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, owó ìtanràn sì ni ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sọ pé ìyàtọ̀ yìí lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ wa, tí ó ní gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ kan náà ti kọ apá ibi tí òfin ẹbí ti fẹ́ gba ọkùnrin láàyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Òfin ẹbí tí a sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004 mọ ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan nìkan. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé àgbèrè dára. Ohun tó sọ ni pé òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ọkùnrin àti obìnrin. Títí di ìgbà náà, owú ọkùnrin ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Owú obìnrin ní òwe tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀: Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ẹni tó ń pa òwe yìí kò mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ ni òun ń ṣe. Ó ti ń mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ohun tí òun ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin, òun fúnra rẹ̀ kò lè gbà á.

Mo dé ibi tí ó kan mí nísinsin yìí.

Nígbà tí mo wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, èmi àti ọmọbìnrin kan jọ ń fẹ́ra fún ọdún mẹ́ta. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà tí a jọ háyà yàrá, tí a jọ ń mu gàrí nígbà tí owó bá tán, tí a sì jọ ń sùn lórí ẹní kan. Nígbà tí mo gba iṣẹ́, mo padà sí ìlú wa níbí. Mo ń pe ọmọbìnrin náà lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà n kò pè mọ́. N kò sọ fún un pé ó ti parí. Mo jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ bá mi sọ ọ́.

Ọdún méjì kọjá. Ọ̀rẹ́ mi gun alùpùpù láti ọ̀nà jíjìn wá bá mi. A gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, a jókòó lórí àpáta, ó sì sọ pé: «Ọ̀rẹ́, ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ fẹ́. A kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹnìkankan. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá sọ fún.» Mo wò ó. Mo ní: «O kú iṣẹ́.» Mo dìde, mo sì dá sọ̀ kalẹ̀. N kò lọ sí ìdána wọn, n kò lọ sí ìgbéyàwó. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí, mo fi owó ránṣẹ́, n kò fi ara mi ránṣẹ́. Ọdún keje nìyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fi fíìmù náà han àwọn ọmọ, mo bi ara mi léèrè ohun tí mo pàdánù gan-an. Kì í ṣe ọmọbìnrin náà. Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti rò pé ibi tí mo fi í sí ni ó jókòó sí, bí àpótí ní igun ilé, tí n kò lò ṣùgbọ́n tí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé. Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Èmi fẹ́ ṣọ́ ilé tí mo ti kó kúrò nínú rẹ̀. Bí owú bá jẹ́ ẹ̀rí ìfẹ́ ni, owú mi ní ọjọ́ náà ìbá fi hàn pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò fi nǹkan kan hàn ju pé mo fẹ́ràn ara mi.

Ohun kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Nínú fíìmù Rohmer, ẹni kọ̀ọ̀kan ló fi nǹkan pamọ́, ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ọ̀rẹ́ tèmi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè ṣe: ó dárúkọ náà kí omijé tó dé. Òun nìkan ni ó ṣe rere láàárín àwa mẹ́ta, ẹ̀yìn ni mo sì fi san án fún un.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ rọrùn fún àwọn ará Cergy nínú fíìmù yẹn. Kò sí ẹni tó ní ọmọ, kò sí ẹni tí wọ́n ti ṣe ìdána fún, kò sí ìyá ọkọ tó ń bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá pínyà, àpò aṣọ kan ni wọ́n ń gbé. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé méjì ni ó ń so pọ̀, ìdílé méjì ni ó sì ń ya. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́lé fún ẹlòmíràn ní ìkọ̀kọ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń gbóná, kì í ṣe onígbèéraga bí èmi. Májẹ̀mú kan wà, wọ́n sì ti dà á. Irú owú bẹ́ẹ̀ ń sọ òtítọ́.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ohun tí mo lè sọ ni pé kí a tẹ́tí sí ohun tí owú náà ń béèrè. Owú kan wà tó ń béèrè òtítọ́: «Sọ ibi tí a dúró fún mi.» Bí ó bá gbọ́ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ korò, ó lè sunkún kí ó sì dákẹ́. Owú kejì ń béèrè ohun ìní: «Dá nǹkan mi padà.» Òtítọ́ kì í pa á lẹ́nu mọ́, nítorí òtítọ́ ni pé ènìyàn kì í ṣe nǹkan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi ti fún mi ní òtítọ́ lórí àpáta. Owú mi kò rọlẹ̀. Ìbá yẹ kí n ti mọ irú èyí tí ó jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ọmọ mi tó jókòó lẹ́yìn, èsì mi nìyí. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ lè jowú, nítorí ẹ̀rù kì í jìnnà sí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n má ṣe mú owú rẹ wá fún ọmọbìnrin kan bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Fún un ní òtítọ́ nígbà tí o bá ń bọ̀, kí o sì fún un ní òtítọ́ bí o bá ń lọ. Èyí kejì ni ó ṣòro jù, òun sì ni èmi olùkọ́ rẹ kò lè ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Kò dá ohùn mi mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ó dá a mọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní: «Ọ̀rẹ́, ṣé àlàáfíà ni?» Mo ní àlàáfíà ni, àti pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn ń bọ̀ ní Dassa nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá ń wá sí ihò àpáta Arigbo fún àdúrà ọdọọdún. Òun yóò yà sọ́dọ̀ mi. Ní ti ìyàwó òun, ó ní òun kò lè ṣèlérí; obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bóyá òun yóò wọlé.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún mẹ́sàn-án. Bí kò bá sì wọlé, gbèsè náà kò kúrò lọ́rùn mi.